Ẹ̀sùn lórí CD géèmù tí ẹ tà fún mi

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá.

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé ìtajà géèmù,
Ìkẹjà, Èkó.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Mo kí yín o. Ẹ má bínú pé lẹ́tà yìí á gùn díẹ̀. CD géèmù tí mo rà lọ́wọ́ yín ń há láàárín eré. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá ọmọ iṣẹ́ yín tó ń dá oníbàárà lóhùn sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ohun kan náà ló ń sọ fún mi: "Ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn, mà." Mo ti pa á, mo ti tàn án, ìka mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

CD ẹ̀rọ géèmù PlayStation 2 (PS2) ni mo rà lọ́wọ́ yín, The Simpsons: Hit & Run, ₦18,000, pẹ̀lú ₦2,500 tí mo fi gbà á ní gáréèjì. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé tòkunbọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ni, pé ojúlówó ni, pé ẹ ti gbá a wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ "dé òpin" yẹn ló mú mi sanwó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ní nǹkan bí 2006, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin gbá géèmù yìí títí màmá wa fi gbé páàdì pa mọ́. Bí ẹ bá ti gbá a lóòótọ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n: ìlú Springfield inú The Simpsons, eré àwòrán tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ni; ọdún 2003 ni géèmù náà jáde. Ibi tó bá wù yín lẹ lè wakọ̀ lọ, kí ẹ wó òpó iná, kí ẹ máa ṣa owó ẹyọ. Tí ẹ bá kọlu èèyàn àti nǹkan jù, òbíríkítí kan ní igun tẹlifíṣọ̀n á kún, ọlọ́pàá á gbá tẹ̀ lé yín; bí wọ́n bá mú yín, owó ẹyọ 50 lọ nìyẹn. (Àbúrò mi ti sanwó fún ọlọ́pàá Springfield ju bí awakọ̀ dáńfó ṣe ń san án lójú ọ̀nà lọ.) Ẹnì kan nínú eré náà ló ń wakọ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan: Homer ló ń bẹ̀rẹ̀, Bart á gbà á, lẹ́yìn náà Lisa, Marge, Apu, Bart lẹ́ẹ̀kejì, kí Homer tó wá parí rẹ̀ ní ìpele keje. Ìpele keje yẹn ló fojú wa rí màbo. Ẹ fẹ́ gbé àgbá ìdọ̀tí olóró láti ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì lọ sí ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ọkọ̀ àwọn ẹ̀dá ojú ọ̀run dúró sí lókè. Ẹ ṣèèṣì forí sọ nǹkan jù lójú ọ̀nà, àgbá á bú gbàù, ó di àtúnbẹ̀rẹ̀. A ò parí rẹ̀ tí wọ́n fi ta PS2 náà. Àbúrò mi ń bọ̀ nílé ní Disẹ́ńbà, mo sì ti ṣèlérí fún un.

Ọjọ́ tí CD dé, bí mo ṣe ṣí páálí rẹ̀, òórùn màkílíìnì, ọṣẹ ìfọyín, ló gba imú mi. Mo gbé e sí ojú fèrèsé. Nǹkan funfun kan gbẹ mọ́ etí ihò àárín rẹ̀, bíi ti ẹnu ọmọ tí kò yọ omi dáadáa. Nígbà tí mo fi aṣọ rírọ̀ nù ún kúrò, ìlà kan fara hàn nísàlẹ̀, ó yí CD náà po bí ọ̀já; ó jọ pé ìlà yẹn ni wọ́n fi màkílíìnì bò. Mo ṣáà ní kí n gbá a wò.

Ìpele 1 dé 4, kò sí wàhálà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gbá a, ní alẹ́ tí wọ́n bá múná wá. Ó wá kan Apu. Mo dúró kó ṣí, PS2 bẹ̀rẹ̀ sí í ké kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, ó parí. Mo gbé e lọ sí ilé aládùúgbò mi tó ní PS2 méjì. Ibi kan náà ló há sí lórí méjèèjì. Gbogbo CD mi yòókù ń ṣiṣẹ́ lórí tèmi.

Ọmọ iṣẹ́ yín sọ pé àdúgbò tí Bart ti wakọ̀ ní ìpele kejì náà ni Apu ti ń wakọ̀ ní ìpele karùn-ún, pé bí ìyẹn bá ṣí, a jẹ́ pé ẹ̀rọ mi ló bàjẹ́. Òótọ́ ni pé títì kan náà ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán Bart kọ́ ni wọ́n rán Apu, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ tún lọ ka ti Apu lára CD. Ó jọ pé ibẹ̀ ni ìlà yẹn gbà kọjá.

Ó tún ní géèmù àtijọ́ ni, kò lè rí bíi tuntun. Kò purọ́. Ṣebí torí pé ẹnikẹ́ni ò ṣe tuntun rẹ̀ mọ́ lẹ ṣe ń tà á ní ₦18,000, nígbà tí CD bọ́ọ̀lù PS2 nínú ṣọ́ọ̀bù yín kan náà kò tó ₦2,000? Ẹ ò lè fi àìsí tuntun gbówó lé ọjà, kí ẹ tún wá fi í ṣe àwáwí.

₦20,500 mi ni mo fẹ́ gbà padà láàárín ọjọ́ 14. Tí ẹ bá ní òmíràn, n óò gbà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí n fojú ara mi rí Apu nínú ọkọ̀. Ẹ má fi màkílíìnì kàn án. CD tọwọ́ mi wà nínú páálí rẹ̀, ẹni tí ẹ bá rán lè wá gbà á. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá, n óò kó ẹ̀rí ìsanwó, àwòrán CD àti gbogbo ọ̀rọ̀ WhatsApp wa lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà.

Mi ò tíì yọ mẹ́mọ́rì káàdì kúrò lára PS2. Ìpele kẹrin ló ṣì wà lórí rẹ̀.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Mọ́kọ́lá.