Urushi àti ọ̀dà oníke, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o,

Mo ń gbọ́ káwọn èèyàn máa sọ pé abọ́ Japan tí wọ́n fi urushi kùn àtèyí tí wọ́n fi polyurethane, ìyẹn ọ̀dà oníke, fín, ọ̀kan náà ni, pé ojú ò lè dá wọn mọ̀. Ojú lè má dá wọn mọ̀ lóòótọ́, ṣé ojú nìkan la wá fi ń jẹun ni?

Oje igi ni urushi. Igi ọ̀hún á dàgbà tó bí ọdún 10 sí 15 kí wọ́n tó sá a lọ́bẹ, gbogbo oje tí igi kan máa mú wá ò ju bíi mílílítà 200 lọ, bí ife omi kan péré, wọ́n á sì gé e lulẹ̀ kó lè tún rú látìdí. Ìyẹn ló fà á tó fi jẹ́ pé Ṣáínà ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń lò ní Japan ti ń wá, ti ilé ò tó nǹkan, agbègbè Joboji ní Iwate ló sì ń mú èyí tó pọ̀ jù wá nínú ìyẹn náà.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀rinrin ni urushi fi ń gbẹ o! Kọ́bọ́ọ̀dù tó lọ́rinrin ni wọ́n ń gbé e sí kó lè le, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ha á kó dán, wọ́n á tún kùn ún, títí tóṣù á fi gorí oṣù.

Mi ò bú ti oníke o. Urushi ò fẹ́ oòrùn, kò ṣeé gbé sínú máíkírówéèfù, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan oje ẹ̀ ní tútù, ara á yún un á sì lé, ilé ìwé tó ń bọ́ ọmọ rẹpẹtẹ, ike ni kí wọ́n rà jàre. Àmọ́ tí ti oníke bá ti bó, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ, ti urushi, oníṣẹ́ ọwọ́ á ha á, á tún un kùn. Ní 1874, ọkọ̀ òkun Nil rì létí Izu ní Japan, àwọn ẹrù tí Japan lọ pàtẹ ní Vienna ló ń kó bọ̀ wálé, ìgbà tí wọ́n fi máa yọ díẹ̀ nínú ẹ̀, ó ti lé lọ́dún kan nínú omi iyọ̀, síbẹ̀ àwọn ohun èlò urushi inú ẹ̀ ṣì dáa.

Òfin Japan ní kí wọ́n kọ irú ọ̀dà tí wọ́n fi kun abọ́ sára ọjà. Ẹni tó bá ní ọ̀kan náà ni wọ́n, kó yí páálí abọ́ tiẹ̀ padà, kó ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè ká gbọ́.

Èmi ni, òǹkàwé yín.