Kàù tó ń dún lábẹ́ mọ́tò yín kì í ṣe ariwo ọ̀nà

Okun o, Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Isanlu ni mo ti ń kọ ìwé yìí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi gbé e síta kí gbogbo àwa tí à ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́ jẹun láàárín Kabba sí Mopa títí dé Egbe lè rí i kà, torí ohun tójú mi rí lóṣù tó kọjá nítorí kúrọ́ọ̀sì, irin kékeré kan lábẹ́ mọ́tò, mi ò fẹ́ kójú ẹlòmíì rí i.

Hilux ni mo ní, òun ni mo fi ń kó iṣu àti gàrí lọ sọ́jà. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó di pé nǹkan ṣẹlẹ̀, tí mo bá ti fi sí jíà kìíní tí mo rọra tú kílọ́ọ̀ṣì, màá gbọ́ kàù lábẹ́ mọ́tò, tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù tí mo tún tẹ̀ ẹ́, kàù. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan, kò tiẹ̀ wọ abẹ́ ẹ̀ wò, ó ní ṣé mi ò rí bí ọ̀nà wa ṣe rí ni, pé sípíríǹgì ló ń ké. Mo gbà á gbọ́, torí kòtò ọ̀hún pọ̀ lóòótọ́. Ìgbà tó yá mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí mo bá ti sáré díẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ sitíárìn ló ń gbọ̀n o, ìjókòó ni, mo tún rò pé táyà ni.

Lọ́jọ́ náà mo kó iṣu, màmá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ wọn jókòó síwájú lọ́dọ̀ mi, a ń gun òkè kan ká tó dé Mopa ni mo gbọ́ gbàgà! Pùrópẹ́là, irin gígùn tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ẹ̀yìn, já níbi ẹ̀yìn, ó ń lu ilẹ̀ mọ́tò bí ọmọ odó. Ẹ́ńjìnnì ń ké, mọ́tò ò lọ mọ́, ó wá ń yọ́ padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ inú jíà ló wà. Bíréèkì ẹsẹ̀ nìkan ló gbà wá. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọmọ mú, ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀," àwọn ọmọ kan tó ń bọ̀ láti oko ló bá wa fi òkúta dí táyà. Ká ní irin yẹn gé páìpù bíréèkì nígbà tó ń fò káàkiri lábẹ́ ńkọ́? Mo ṣì máa ń ta jí lóru lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ká ní ìdí iwájú ló já, tó jẹ́ pé lójú eré ni, ẹnu ẹ̀ á gún ilẹ̀, ó sì lè gbé gbogbo ìdí mọ́tò sókè.

Àwọn tó dúró níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ayé ló ṣe é, pé kí n lọ gbàdúrà. Àdúrà dára, mo sì gbà á. Àmọ́ kúrọ́ọ̀sì ló já, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló sì fi ń pè mí.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, irin tó rí bí àgbélébùú ni kúrọ́ọ̀sì, òun ló so pùrópẹ́là mọ́ gíabọ́ọ̀sì níwájú tó tún so ó mọ́ difurẹ́ńṣà lẹ́yìn, ìyẹn ilé jíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn, kí irin yẹn lè máa yí bí ìdí mọ́tò bá tiẹ̀ ń fò sókè sódò. Orí mẹ́rin ló ní, orí kọ̀ọ̀kan wọ inú kápù kan, inú kápù yẹn ni àwọn irin wínníwínní bí abẹ́rẹ́ tò yíká sí, gírísì ló sì ń jẹ́ kí wọ́n yí. Tí gírísì bá gbẹ tàbí omi wọ ibẹ̀, àwọn abẹ́rẹ́ yẹn á di lẹ́búlẹ́bú, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í mì nínú kápù, kàù tí ẹ̀ ń gbọ́ nìyẹn. Kó tó dé kàù gan-an, ó máa ń kọ́kọ́ ké ṣíǹ ṣíǹ ṣíǹ tí ẹ bá ń rọra lọ, bí mọ́tò ṣe ń yára ni igbe yẹn náà á máa yára. Tẹ́ ẹ bá wọ abẹ́ wò tẹ́ ẹ rí eruku pupa bíi ti irin tó dógùn-ún létí kápù, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò ò le rárá. Ibi tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ páàkì sí, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà dáadáa kẹ́ ẹ tó yọ jíà sí fírì, ẹ wọlé sábẹ́, ẹ fi ọwọ́ kan di ẹnu irin tí kúrọ́ọ̀sì wọ̀ mú, ẹ fi ọwọ́ kejì di pùrópẹ́là, ẹ lọ́ ọ lódìkejì ara wọn, ẹ tún tì í sókè sódò. Tí kúrọ́ọ̀sì bá ti mì nínú kápù báyìí, bó ti wù kó kéré mọ, ó ti lọ. Àmọ́ tí gbogbo ẹ̀ bá jọ yí díẹ̀ pọ̀ kó tó dúró, eyín difurẹ́ńṣà nìyẹn, ìyẹn máa ń wà.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì wa, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa gé agolo mílíìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kápù kó lè fún, ẹ má sì jó o pọ̀ lọ́dọ̀ wẹ́dà. Kẹ́ ẹ tó tú pùrópẹ́là, ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i kó lè padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, torí kúrọ́ọ̀sì kan nìkan kì í yí dọ́gba, á yára, á tún falẹ̀, ti ìdí kejì ló ń bá a tún un ṣe, tẹ́ ẹ bá wá dè é wọ́, mọ́tò á máa gbọ̀n, kúrọ́ọ̀sì tuntun ò ní pẹ́ kó tún lọ. Tí kápù ò bá wọlé tán, ẹ má fi hámà bá a jà, ó ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ kan ti ṣubú sínú ẹ̀, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tún un tò, fáìsì, irin tí a fi ń fún nǹkan mọ́ra, ló dáa jù láti fi tì í wọlé.

Àwa ọlọ́mọ́tò náà, sípíríǹgì tí à ń fi kún ìdí mọ́tò ká lè kó iṣu púpọ̀ sí i, ó ń gbé ìdí yẹn sókè, pùrópẹ́là á wá tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kúrọ́ọ̀sì ló ń jìyà ẹ̀. Kúrọ́ọ̀sì tó bá ní ẹnu gírísì, ẹ fún gírísì sí i títí gírísì tuntun á fi yọ létí kápù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá tẹ́ ẹ bá gba inú omi kọjá lójò. Àwọn mọ́tò bíi Camry tó jẹ́ pé iwájú ló ń fà wọ́n ò ní pùrópẹ́là, tiwọn máa ń ké kà-kà-kà tẹ́ ẹ bá yí kọ́nà, ìyẹn lọ́tọ̀.

Owó tí mo fi ra kúrọ́ọ̀sì méjèèjì kò tó owó táyà tuntun kan. Mo wá ń bẹ àwọn alága páàkì ní Isanlu, Mopa, Kabba àti Egbe pé láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí wọ́n tó jẹ́ kí mọ́tò kankan kó èrò, kí wọ́n ní kí ẹnì kan wọ abẹ́ ẹ̀ fọwọ́ lọ́ pùrópẹ́là wò, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ bá mi tẹ ìwé yìí jáde kí iṣu tuntun tó dé, torí ìgbà yẹn lẹrù máa ń wúwo jù.

Èmi ni tiyín,
Awakọ̀ kan ní Isanlu, Ìpínlẹ̀ Kogi