Káàdì àjọ ìyá mi ló já irọ́ mi

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni kan nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní etí òun báyìí lòun fi gbọ́ ọ nígbà tí Babangida ń fagi lé ìbò Abíọ́lá lọ́jọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1993, pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lòun nígbà náà. Mi ò kọ̀wé láti bá a jà. Èmi náà ti búra sí irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, lójú àwọn ọmọ mi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí lọ́dún náà, ní Ìtòkú níbí, níbi tí ìyá mi ti ń ta àdìrẹ. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: Ọjọ́rú ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé, yunifọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn mi. Gbogbo ará ilé ti kún pálọ̀ onílé wa, níwájú tẹlifíṣọ̀n kan tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbá lórí kí àwòrán rẹ̀ tó dúró. Babangida yọjú, ó ní òun fagi lé e. Bàbá mi ṣí fìlà, ó fi nu ojú, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láti ọjọ́ kejì, ọjà wa wà ní títì fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń sọ ìtàn yìí, mo sì mọ̀ ọ́n sọ. Oníbàárà tí mo ti rán aṣọ rẹ̀ tán pàápàá kì í fẹ́ dìde.

Lọ́dún 2025, nígbà tí Babangida gbé ìwé rẹ̀ jáde, ni ọmọ mi ọkùnrin dá mi dúró. Ó ní, "Màámi, ẹ má bínú, Babangida ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn." Pé ìwé kan lásán, tí kò ní ìbuwọ́lù, tí kò ní déètì, ni Nduka Irabor, akọ̀wé ìròyìn fún Aikhomu tó jẹ́ igbákejì Babangida, pín fáwọn akọ̀ròyìn ní Àbújá. Babangida alára kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé Kàtsínà lòun wà, pé wọn ò gba àṣẹ lẹ́nu òun. (Ìyẹn náà, kí olúkúlùkù fi ọgbọ́n gbọ́ ọ.) Ọjọ́ 26 ló tó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Sátidé sì ni. Ta ló ń wọ yunifọ́ọ̀mù lọ́jọ́ Sátidé?

Inú bí mi. Mo lọ tú àpótí ìyá mi tó ti dolóògbé, mo sì rí káàdì àjọ rẹ̀ tọdún náà. Alájọ rẹ̀ a máa kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì, ọjọ́ tí kò bá sì tajà, kì í dá. Ọjọ́ 23, àmì wà níbẹ̀. 24, 25, 26, àmì wà níbẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù keje, ìgbà ìfẹ̀hónúhàn, ni àyè ṣófo, ọjọ́ mẹ́ta péré, àmì tún bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó tún wá dùn mí jù ni ti ọjọ́ ìbò gan-an. Mo máa ń sọ pé mo rí bàbá mi lórí ìlà lẹ́yìn fọ́tò Abíọ́lá, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo tiẹ̀ rántí bí ọyẹ́ ṣe la ètè rẹ̀. Ọyẹ́, nínú oṣù kẹfà! Lọ́jọ́ 12 yẹn, ẹnikẹ́ni ò tò sẹ́yìn fọ́tò. Wọ́n tẹ̀ka níkọ̀kọ̀ ni, wọ́n wá ju ìwé sínú àpótí lójú gbogbo èèyàn. Oṣù Kejìlá 1991 ni wọ́n tò sẹ́yìn fọ́tò, nígbà ìbò gómìnà tó gbé Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà wọlé. Èmi ni mo gbé orí Ọ̀ṣọbà kúrò, tí mo fi ti Abíọ́lá rọ́pò rẹ̀. Aránṣọ ni mí o, ó yẹ kí n ti tètè rí ojú rírán rẹ̀.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin léèrè. Ó ní òótọ́ ni ti fìlà, òun náà rí i. Ṣùgbọ́n ní ti pé Bàbá ò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ní kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi bèèrè ẹran tó kù nínú ọbẹ̀.

Olóòtú, àwọn tó jẹ́ àgbà nígbà ìbò yẹn ń tán lọ. Àwa tá a jẹ́ ọ̀dọ́langba ni ẹ óò máa bi léèrè báyìí ní gbogbo oṣù kẹfà. Ẹ bá wa ya èyí tí ojú wa rí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tá a gbọ́ lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ bi wá bóyá ìwé kankan wà nílé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya káàdì ìyá mi, ó wà níbi ẹ̀rọ mi.

Kẹ́ ẹ sì bá mi bi ọ̀gbẹ́ni yẹn: aṣọ wo ló wọ̀ lọ́jọ́ náà?

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì aránṣọ,
Ìtòkú, Abẹ́òkúta.