Ó sì fi ọ̀já wé e

Ìsẹ́yìn,
Ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá.

Abíọ́dún ọmọ mi, Àjàní,

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ níbí láti ìjẹta. Ètè mi ti là, òrí ni mo fi ń pa á láàárọ̀ lálẹ́. Mo mọ̀ pé òtútù ọ̀dọ̀ yín kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́, torí náà mi ò ní fi tèmi ṣe àròyé. Wọ aṣọ tó nípọn. Jẹun kí o tó jáde.

Àbúrò rẹ ti tú àṣírí. Má bínú sí i, èmi ni mo da ìbéèrè bò ó títí tó fi sọ. Ó ní láti oṣù Kẹsàn-án ni àwọn tí o ń bá tọ́jú arúgbó ti ní kò sí iṣẹ́ fún ọ mọ́, pé iṣẹ́ ọ̀sán kan òru méjì tí o ń rí ṣe báyìí, owó ilé nìkan ló ń gbé e lọ, àti pé ìdí nìyẹn tí o kì í fi gbé fóònù mi mọ́. Ó ní o ò mọ ojú tí o máa fi wò mí lọ́dún Kérésì tí o ò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ó tún ní o ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Àǹtí yín ní Birmingham pè ọ́ pé kí o wá bá àwọn ṣọdún, o ní o ò lè gbé ọwọ́ òfo lọ sílé onílé.

Oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ. Kì í ṣe nítorí owó o, ọkọ mi. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ tó ti ń dúró níwájú ìjọ ka ẹ̀kọ́ Kérésì láti ọmọ ọdún 9 kò tíì gbọ́ ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń sọ. Mo sì jẹ̀bi níbẹ̀. Aṣọ tuntun, bàtà tó ń ta kókó níwájú, ìrẹsì àti adìyẹ, báńgà tí ẹ máa ń yìn tí ajá ilé á fi sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn wọ̀nyẹn ni mo fi hàn yín jù lọ. Jẹ́ kí n wá sọ èyí tó kù fún ọ.

Ó wà nínú Lúùkù orí kejì, ẹsẹ keje, ibi tí o máa ń kà: “Ó sì bí àkọ́bí rẹ̀ ọmọkùnrin, ó sì fi ọ̀já wé e, ó sì tẹ́ ẹ sínú ibùjẹ ẹran, nítorí tí àyè kò sí fún wọn nínú ilé èrò.” Ilé èrò tí kò láyè ni àwọn oníwàásù sábà máa ń dì mú. Ní tèmi, ọ̀já ni. Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò sì lè gbójú fo ọ̀já.

Mo fẹ́ kí o bá mi padà sí alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ọdún 1994. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti màmá kan tó ń bá wa gbálẹ̀. Iná ti lọ, àtùpà la tàn. Ọ̀kadà kan gbé obìnrin kan dé, ó há sáàárín ọlọ́kadà àti ọkọ rẹ̀. Ibòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní kí wọ́n san owó kí àwọn tó fọwọ́ kàn án, owó ò sí. Kò ra ohunkóhun sílẹ̀. Kò sí òwú, kò sí aṣọ ọmọ. Kí àkùkọ tó kọ, ó bí. Mo gé ìwọ́, mo nu ọmọ náà, ìborùn tí mo dà bora wá sẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọyẹ́ ni mo tú tí mo fi wé e. Mo wá gbé e fún bàbá rẹ̀. Àgbẹ̀ ni, ọkùnrin gìrìpá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Ọwọ́ yẹn ń gbọ̀n. Kò mọ bó ṣe máa gbé e. Mo ní, “Fi ọwọ́ ti orí rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ò tíì le.”

Ó tó ìgbà ẹgbẹ̀rún tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún àwọn bàbá ọmọ. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ tààrà, oorun wà lójú mi, wọ́n ń ka ẹ̀kọ́, wọ́n dé ibi ọ̀já, ọ̀rọ̀ náà sì padà wá bá mi: ọrùn Jésù náà ò tíì le. Mo sunkún níbi tí mo jókòó sí. Wòlíì Aísáyà ní ìjọba yóò wà ní èjìká rẹ̀. Àjàní, èjìká tí ìjọba wà lórí rẹ̀ kò lè gbé orí ara rẹ̀ dúró. Ẹni tó so oòrùn rọ̀, ẹnì kan ní láti fi ọwọ́ tì í lọ́rùn kí orí rẹ̀ má bàa ṣubú sẹ́yìn.

O ti bá mi jiyàn rí pé Bíbélì ò sọ pé ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ni wọ́n bí i. Òótọ́ ni. Lúùkù ò kọ ọjọ́ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó wà fi hàn pé ní ọdún 336, àwọn ará Róòmù ti ń ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Kò dà mí láàmú. Lúùkù tí kò kọ ọjọ́ sílẹ̀, kò gbàgbé ọ̀já.

Mo mọ̀ pé ọ̀já tí Màríà lò kì í ṣe èyí tí a fi ń pọn ọmọ. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n máa ń fi wé ọmọ tuntun yí ká kí ara rẹ̀ lè nà gún. Ṣùgbọ́n ọ̀já ni àwọn tó tú Bíbélì sí èdè wa pè é, ìyá Yorùbá kankan ò sì lè gbọ́ ọ̀já kí ẹ̀yìn rẹ̀ má rántí nǹkan. Mátíù náà ńkọ́? Lẹ́yìn tí àwọn amòye ti ìlà-oòrùn dé, “ọmọ-ọwọ́ náà” ni wọ́n ń pè é lọ pè é bọ̀. Ọmọ tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Áńgẹ́lì ní kí Jósẹ́fù dìde, kí ó gbé ọmọ-ọwọ́ náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, kí ó sá lọ sí Íjíbítì nítorí Hẹ́rọ́dù. Ọlọ́run tó fi ọwọ́ agbára kó Ísírẹ́lì jáde ní Íjíbítì, ọwọ́ káfíńtà ló wà wọ ibẹ̀ lóru. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí tẹ́ḿpìlì, ẹyẹ méjì ni wọ́n mú dání. O lè wò ó nínú Léfítíkù orí 12: ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká ọ̀dọ́ àgùntàn ló ń mú ẹyẹ méjì wá. Síméónì àgbàlagbà ò sì wo ẹyẹ. Ó gba ọmọ náà, ó gbé e ní apá rẹ̀, ó ní kí Olúwa jẹ́ kí òun máa lọ ní àlàáfíà.

Jésù dàgbà tán náà, kò jáwọ́ nínú gbígbà. Lúùkù orí kẹjọ sọ pé àwọn obìnrin ló ń fi ohun ìní wọn ṣe ìtọ́jú rẹ̀: Jòánà aya Kúsà, Sùsánà, àti àwọn mìíràn púpọ̀. Ó jẹ oúnjẹ wọn, kò sì tìjú.

Wọ́n ní ọwọ́ afúnni ní í lékè. Ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà nísàlẹ̀. Ohun tí mo rí nínú Kérésì nìyẹn, òun sì ni mo fẹ́ kí o gbọ́. A ti gbọ́ pé Ọlọ́run fún wa ní Ọmọ rẹ̀, a gbọ́ ọ tán. Ohun tó ṣòro fún ẹni bíi tìrẹ láti gbọ́ ni pé Ọmọ náà gbà kí wọ́n wẹ òun, kí wọ́n wé òun, kí wọ́n fún òun lọ́mú. Kò kọ́kọ́ wá ẹ̀bùn kiri kí ó tó jẹ́ kí Màríà gbé òun.

Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè. Àwọn arúgbó tí o tọ́jú níbẹ̀ fún ọdún méjì, bàbá tí o sọ fún mi pé ó jẹ́ ọ̀gá ológun rí, tí o máa ń fi ṣíbí bọ́, tí o máa ń gbé láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, ṣé o kẹ́gàn rẹ̀ rí? O sọ fún mi lórí fóònù pé ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbà kí o fá irùngbọ̀n òun, inú rẹ dùn débi pé o ń kọrin lọ sílé. Ìwọ náà jẹ́ kí inú ẹlòmíràn dùn bẹ́ẹ̀.

Mo mọ òwe tí o máa fi dá mi lóhùn: bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òwe gidi ni, mo sì ń retí ọjọ́ náà, èmi kì í ṣe ẹni tó ń kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ. Máa wáṣẹ́ kiri. Ṣùgbọ́n mo ń gba owó ìfẹ̀yìntì mi, ó máa ń pẹ́ kó tó dé, ó sì ń dé. Mo ní ẹ̀gẹ́ lóko. Ebi ò pa mí. Òkété yìí ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Òṣoògùn, níbi tí wọ́n ti kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821, kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Ọdún 25 ni ìyá rẹ̀ kò fojú kàn án. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹjọ ọdún 1846, ó ti di àlùfáà. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde, omijé ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá náà tó ti rù. Ìyá wo ló máa ráyè béèrè ẹrù lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀? Oṣù mẹ́ta péré ni ìwọ fi pa fóònù mọ́ mi, mo sì mọ díẹ̀ nínú ohun tó ṣe ìyá yẹn.

Nítorí náà, lọ sí Birmingham. Má yá owó ra nǹkan lọ. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, dọ̀bálẹ̀, wọlé, jẹ ìrẹsì wọn, sùn mọ́jú. Bí Àǹtí yín bá di oúnjẹ fún ọ lọ́jọ́ tí o ń padà, gbà á, má ṣe jẹ́ kó bẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlú ni wọ́n ti mọ̀ ọ́ ní ọmọ-ọwọ́, ó ti pọ̀n ọ́ rí.

Kí o sì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà, èyí tó bá sún mọ́ ọ. Jókòó sẹ́yìn bí o bá fẹ́. Bí igbá ọrẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ tí o ò ní, gbé e fún ẹni tó kàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè yín síbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, má jókòó o. Dìde, kúnlẹ̀, tẹ́ ọwọ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń múra yín sílẹ̀ fún ìgbọ́wọ́léni. Ọwọ́ òfo la fi ń gbà á. Ẹni tó di nǹkan mọ́wọ́ ò lè gbà á.

Mo fi nǹkan kan rán ìyàwó àlùfáà wa, tó ń padà sí London lọ́jọ́ 18. Ó ní òun á fi ránṣẹ́ sí ọ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀. Ọ̀já ni. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, ló hun ún lórí òfì rẹ̀ nígbà tí oyún rẹ wà ní oṣù méje. Ẹtù ni, etí rẹ̀ kan ti já díẹ̀, ìwọ lo fi eyín fà á ya. Òun ni mo fi pọ̀n ọ́ lọ sí ìsìn Kérésì tí o kọ́kọ́ ṣe láyé, o sì sùn àsùnwọra bí orin ṣe ń dún tó. Mi ò rán an kí o fi ṣe nǹkan kan. Fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ.

Ìsìn wa máa parí ní nǹkan bí aago 11 àárọ̀, 10 tiyín. Mi ò ní pa fóònù mi. Pè mí. Bí ọ̀rọ̀ ò bá sí lẹ́nu rẹ, pè mí bẹ́ẹ̀ náà, kí n máa gbọ́ bí o ṣe ń mí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.