Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń dúró de draft

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ga, tí gbogbo àdúgbò ti ń pè ní NBA, líìgì basketball Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ sì ń dúró de draft, ìyẹn ọjọ́ táwọn ẹgbẹ́ NBA máa ń mú ọmọ tuntun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ àwọn scout, àwọn tó ń wá ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá kiri fún ẹgbẹ́, ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí mo rí i pé tí wọ́n bá ti ní ọmọ kan tín-ín-rín jù tàbí pé kò mọ bọ́ọ̀lù jù láti òkèèrè, ojú ẹ̀ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́, á ní wọ́n kórìíra òun ni. Wọn ò kórìíra ẹ jàre, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe.

Gbogbo àléébù kọ́ ló rí bákan náà ṣá. Lọ́dún 2007, irin bíi kílò 84 tí wọ́n ní kí Kevin Durant, tó padà di ìràwọ̀ NBA, tì sókè ṣáájú draft, kò lè tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, síbẹ̀ òun ni wọ́n mú ṣìkejì, àbí ta ló ń gbé irin nínú pápá?

Ẹ wá wo Giannis, ọmọ Adétòkunbọ̀ tí wọ́n bí sí Athens. Ní 2013, ọmọ ọdún 18 ni, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, líìgì kejì ní Gíríìsì ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, jíjù ẹ̀ ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ọmọ mẹ́rìnlá ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú kí ẹgbẹ́ Milwaukee tó mú un. Àmọ́ àwọn tó wò ó dáadáa rí apá gígùn, wọ́n rí àtẹ́lẹwọ́ tó fẹ̀ bí abọ́ ẹ̀bà, wọ́n sì rí i pé ọmọ gíga yìí ń darí bọ́ọ̀lù bí àwọn kúkúrú. Oúnjẹ àti gym á fi ẹran kún ara, apá gígùn ńkọ́, ọjà wo lẹ ti fẹ́ rà á? Ohun tó wù mí jù ni pé àléébù jíjù yẹn ò tiẹ̀ tán o: ní 2021, tó bá fẹ́ ju free throw, ìyẹn jíjù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fúnni tí wọ́n bá ṣe fáùlù síni, ńṣe lèrò ìwòran ń kà lé e lórí, ení, èjì, ẹ̀ta, torí ó ń pẹ́ jù, ó sì ń ṣì í jù. Ọjọ́ tí wọ́n gba ife NBA lọ́dún yẹn, ó ju free throw 19, 17 wọlé, pọ́íǹtì ẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ 50!

Hakeem Olajuwon tí Houston mú ṣìkíní ní 1984 náà, gólì ló ń ṣọ́ l'Ékòó tẹ́lẹ̀, ó ń gbá handball, ibẹ̀ lẹsẹ̀ ẹ̀ ti yá. Ẹ máa ka irú ìyẹn mọ́ agbára yín.

Ẹ ní kí kóòṣì kọ ohun tẹ́ ò mọ̀ ọ́n ṣe sílẹ̀, kẹ́yin náà kọ tiyín lọ́tọ̀, ibi tí ìwé méjèèjì ò ti bára mu ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dín ọjọ́ orí kù o, mo bẹ̀ yín. Fídíò tẹ́ ẹ bá sì máa fi ránṣẹ́, kó jẹ́ odindi eré, kì í ṣe dunk nìkan, torí scout fẹ́ rí ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe tí wọ́n bá já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ máa sáré padà lọ dí wọn ni àbí ẹ máa dúró síbẹ̀ máa bínú sí rẹfirí.