Ẹ Fọ Àgò Adìyẹ Kí Ẹ Tó Da Bílíìṣì Sí I

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí bí àwọn tó ń ta adìyẹ láàyè ní àwọn ọjà Èkó ṣe ń lo bílíìṣì láti fi dènà bọ́ọ̀dù fúlúù, ìyẹn àrùn adìyẹ tó lè ran ènìyàn. Owó ni wọ́n fi ń rà á, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè ní wọn kò bìkítà, ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe ń lò ó kò lè pa kòkòrò kankan.

Ní ọjà kan nítòsí ilé mi, mo rí ọmọ ìsọ̀ kan tó ń wọ́n bílíìṣì sí àgò onípákó bí ẹni ń wọ́n omi sí aṣọ tó fẹ́ lọ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ ti gbẹ mọ́ àgò náà lára, ó ti dí gbogbo àlàfo pákó. Bílíìṣì ọ̀hún kò tíì gbẹ tí wọ́n fi kó adìyẹ mìíràn sínú rẹ̀.

Kiloríìnì ló ń ṣiṣẹ́ nínú bílíìṣì, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín kòkòrò àrùn àti ìgbẹ́, ìyẹ́ tàbí ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ kàn ni yóò bá jà, agbára rẹ̀ a sì ti tán kó tó dé ibi tí kòkòrò sá pamọ́ sí. Ọṣẹ ló yẹ kó ṣáájú. Awọ fẹ́lẹ́ kan tó jẹ́ ọlọ́ràá ló bo kòkòrò bọ́ọ̀dù fúlúù, ọṣẹ a sì máa tú ọ̀rá. Bí awọ yẹn bá ti ya, kòkòrò náà kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Kí a kọ́kọ́ rin ìgbẹ́ náà kí eruku rẹ̀ má baà wọ̀ wá nímú, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kí a ṣàn án, kí a tó wá da bílíìṣì sí i, kí ara àgò sì wà ní tútù fún ìṣẹ́jú 10 ó kéré tán. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ara ìgò bílíìṣì pé ìdá 3.5 nínú 100 ni agbára rẹ̀, ife bílíìṣì kan sí ife omi mẹ́fà ti tó. Ọjọ́ tí a fẹ́ lò ó ni kí a pò ó, nítorí oòrùn a máa ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pò ó mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́: èéfín olóró ni yóò jáde.

Oṣù Kejì ọdún 2006 ni àrùn yìí kọ́kọ́ yọjú ní Nàìjíríà, ní Jájì, ìpínlẹ̀ Kàdúná. Èkó níbí ló ti pa obìnrin ẹni ọdún 22 kan ní oṣù Kìíní ọdún 2007, àrùn náà sì tún padà wọ oko adìyẹ wa ní 2015.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà kò ní fẹ́ fi odidi garawa fọ àgò. Kí àwọn tó ń gba owó ọjà fa omi dé ìsọ̀ àwọn aládìyẹ, kí àwọn ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ tí adìyẹ kankan kò ní sí lórí ìsọ̀, nítorí a kò lè fọ àgò tí adìyẹ wà nínú rẹ̀.

Èmi ni,
Olùkọ́ kẹ́mísírì kan,
Èbúté-Mẹ́ta, Èkó.