Lẹ́tà sí Àkànbí nípa ọgbẹ́ inú rẹ̀

Àkànbí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ó dùn mí láti gbọ́ pé ọgbẹ́ inú kò jẹ́ kí o sùn. O ní àwọn ará ilé ń sọ pé ebi àti ìrònú ló fà á, kí o sáà máa mu omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Mo bẹ̀ ọ́, dókítà rẹ tí ó rí kòkòrò Helicobacter pylori nínú rẹ ni kí o gbọ́ tirẹ̀.

Àwọn oníṣègùn pàápàá kò tètè gbà pé kòkòrò lè gbé inú omi kíkan àpòlúkù. Ní Perth, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, dókítà Robin Warren ń rí i lára ẹran àpòlúkù àwọn aláìsàn, ṣùgbọ́n òun àti dókítà Barry Marshall kò rí i mú hù nínú àwo àyẹ̀wò, nítorí ọjọ́ méjì péré ni wọ́n fi ń dúró kí wọ́n tó da àwo nù. Ìgbà ọdún Àjíǹde 1982, tí àwo pẹ́ nílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó tó hù. Ní 1984, Marshall fúnra rẹ̀ gbé omi tí kòkòrò náà kún inú rẹ̀ mu, kí ó lè fi hàn pé ó ń fa àìsàn. Kò pẹ́ tí èébì fi ń gbé e, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé àpòlúkù rẹ̀ ti wú. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005.

Ọgbọ́n kòkòrò yìí ni pé ó ń ṣe amóníà tí ń pa kíkan tó yí i ká, á wá ráyè wọ inú ikun tó bo ara àpòlúkù. Bí ààbò yẹn bá ti bàjẹ́, omi kíkan yóò máa jẹ ẹran. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbé e láti kékeré láìṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó ń di ọgbẹ́ fún àwọn kan, ó sì lè di jẹjẹrẹ fún àwọn díẹ̀. Àwọn oògùn ìrora bí aspirin àti ibuprofen náà máa ń dá ọgbẹ́ sínú, nítorí náà sọ oògùn orúnkún tí ò ń lò fún dókítà.

Lo àwọn oògùn apakòkòrò náà pẹ̀lú omeprazole, oògùn tí ń dín omi kíkan inú kù, títí ọjọ́ 14 tí wọ́n kọ fún ọ yóò fi pé, kódà bí ìrora bá lọ ní ọjọ́ kẹta, nítorí èyí tí ó bá ṣẹ́kù lè má gbọ́ oògùn mọ́. Lẹ́yìn tí o bá parí rẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, padà lọ fún àyẹ̀wò èémí tàbí ti ìgbẹ́. Kí o sì ti dá omeprazole dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Bí ìgbẹ́ rẹ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí o bá bì ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Kọ èsì àyẹ̀wò náà ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Adéwálé